Kéèkì Funfun Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Títì

Ẹni tí kò bá fi áísìn bo kéèkì rí lè rò pé iṣẹ́ ẹ̀rín ni. Á ní ṣebí kí èèyàn po bọ́tà mọ́ ṣúgà ni, kó fi pa kéèkì lára, ó parí. Ẹ jẹ́ kó dán an wò. Kó wá rí bí èérún kéèkì á ṣe máa tẹ̀ lé ọ̀bẹ kiri, bí ihò kéékèèké á ṣe máa yọjú níbi tó ti búra pé òun ti dí i, bí ẹ̀gbẹ́ kan á ṣe wú tí èkejì á sì tẹ̀ wọnú. Ìyá Kéèkì mọ ìyà yẹn dáadáa. Kò sí ẹni tó lè jẹ kéèkì rẹ̀ kó ní kò dùn, ṣùgbọ́n tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bò ó, ńṣe ni ara kéèkì náà máa ń rí gbágungbàgun bí ògiri tí bíríkìlà kò rẹ́.

Àbúrò rẹ̀ ló ni ọwọ́. Ọmọ ìyá kan, bàbá kan ni wọ́n, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín ọwọ́ jẹ́jẹ́, ó jọ pé ibi tí wọ́n ti ń pín ẹran ara ni ẹ̀gbọ́n lọ. Ìyá Kéèkì ga, ó sanra, bí ó bá gun àtẹ̀gùn ilé wọn dé òkè, á máa mí fúkẹ́fúkẹ́. Àbúrò rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ìrìn rẹ̀ kì í dún. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́ Sílíkì, nígbà tó yá wọ́n gé e kúrú sí Sílíkì. Bí eṣinṣin bá bà lé kéèkì tó ti ọwọ́ Sílíkì jáde, yíyọ̀ ni yóò yọ̀ ṣubú.

Látìgbà tí ìyá wọn ti kú, tí àwọn ọmọ Ìyá Kéèkì sì ti dàgbà tí wọ́n bá tiwọn lọ, àwọn méjèèjì ló kù nínú ilé náà, lókè ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n ló ni ófùn, àbúrò ló ni ọ̀bẹ. Ìyá wọn ló kọ́ wọn ní áísìn tí wọ́n ń lò, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ bí wọ́n ṣe ń pò ó. Ọdún ti gorí ọdún, wọn ò bá ara wọn jà, àfi tó bá di ọ̀rọ̀ ta ni yóò lá abọ́.

Àfi lọ́jọ́ kan tí Sílíkì ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná mọ́ra.

Ìyá Kéèkì kọ́kọ́ rò pé atẹ́gùn ló tì í. Ó lọ ṣí i, ó bá a pé wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ tì í láti inú.

"Sílíkì! Kí ló dé tí o ti ilẹ̀kùn?"

"Eruku ni, Àǹtí mi. Ó ń wọlé, ó sì ń lẹ̀ mọ́ áísìn."

"Eruku wo? Pálọ̀ tí mo gbá láàárọ̀ yìí náà?"

Ohun tó ń gbọ́ kò ju pé àwo tó ń yí, èyí tí wọ́n máa ń gbé kéèkì lé, ń han fín-ín-fín-ín. Nígbà tí ilẹ̀kùn máa ṣí, kéèkì ti parí, ó ń dán, kò lábùkù kankan. Bí ọ̀rọ̀ ṣe kọjá lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ìgbà tí Sílíkì bá ti fẹ́ lo ọ̀bẹ, kọ́kọ́rọ́ á dún.

Ìyá Kéèkì kì í ṣe aláṣejù nínú ìfura látilẹ̀ wá. Ohun tójú rẹ̀ rí ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Kí àbúrò rẹ̀ tó dara pọ̀ mọ́ ọn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ọ̀rẹ́ yìí kọ́ gbogbo ohun tó wà láti kọ́, àfi áísìn ìyá wọn, ó bá gbogbo oníbàárà dọ́rẹ̀ẹ́, ó sì jí lọ́jọ́ kan, ó kó wọn lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ekòló yìí sì ń ti ilẹ̀kùn.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá sì ń wá nǹkan lójú méjèèjì, á rí i, ì báà má sí níbẹ̀.

Ó rí i pé bébà tí wọ́n fi ń tẹ́ agolo kéèkì ti ń tètè tán. Odindi ìdì kan tí wọ́n máa ń lò pẹ́ títí ti ń lọ bí omi. Ta ló ń jẹ bébà? Ẹni tó bá ń yan kéèkì níbòmíràn ló máa ń nílò bébà. Ó rí i pé Sílíkì kì í ka àtẹ̀jíṣẹ́ oníbàárà sókè mọ́ bí ó ṣe máa ń ṣe. Ńṣe ló ń sọ fún gbogbo wọn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohùn ránṣẹ́," á wá gbé fóònù wọ yàrá, á fi mọ́ etí. Àṣírí wo ló wà nínú kéèkì ọjọ́ ìbí? Ó rí i pé kì í kọ orúkọ sórí kéèkì mọ́. Iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù ló ti gbé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń sọ pé, "Ọwọ́ yín ló dáa jù, Àǹtí mi," irọ́ tí kéèkì fúnra rẹ̀ lè jẹ́rìí ta kò.

Èyí tó wá burú jù ni Ọjọ́bọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, Sílíkì á wẹ̀, á múra, á gbé báàgì kékeré kan kọ́ apá, á ní òun ń lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kan ní òpópónà kejì. Ṣé kò sí télọ̀ nísàlẹ̀ ilé wọn ni?

Télọ̀ ìsàlẹ̀ náà ló fi epo sí iná. Abẹ́rẹ́ obìnrin yìí máa ń sinmi, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò mọ ọ̀nà ibi tí ìsinmi wà. Ó rí Ìyá Kéèkì tó ń bọ̀ láti ọjà, ó yọ orí jáde.

"Ìyá Kéèkì, ẹ kú ọjà o. Mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ o."

"Má wulẹ̀ dá sí i nígbà náà."

"Àmọ́ ẹ̀rí ọkàn ò ní jẹ́ n sùn. Mo rí àbúrò yín ní Ọjọ́bọ̀. Mo kí i tì, ojúkojú la sì pàdé o, ó kàn gbójú kúrò lára mi bí ẹni tí ò mọ̀ mí rí. Ó wá wọ ilé gogoro yẹn, èyí tí wọ́n ń ta kéèkì nísàlẹ̀ ẹ̀, tí gbogbo iwájú ẹ̀ jẹ́ gíláàsì."

"Ṣé o rí i dájú?"

"Ojú mi ń rí ihò abẹ́rẹ́, Ìyá Kéèkì. Ṣé èèyàn ni mi ò wá ní rí?"

Ìyá Kéèkì gun àtẹ̀gùn láìmọ̀ pé òun ń gùn ún. Ilé oní-gíláàsì! Ṣọ́ọ̀bù yẹn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, tó ń fi kéèkì alájà mẹ́ta hàn lójú pópó! Ó jókòó lórí àga, ó gbé àpò ọjà lé itan, kò rántí gbé e sílẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ náà ló wà.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tẹ̀ lé Sílíkì. Ẹ má fi obìnrin tó sanra tó ń fara pamọ́ sẹ́yìn òpó iná ṣe ẹlẹ́yà, ohun tó wà níkùn rẹ̀ ju ẹ̀rín lọ. Sílíkì ń rìn jẹ́jẹ́, ó fara mọ́ ògiri, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun. Nígbà tó dé iwájú ilé oní-gíláàsì, ó dúró. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà jáde, ó ga, bàtà rẹ̀ ń kọ mànà. Ó di Sílíkì mú lápá, ó ń bá a rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jọ wọlé bí ọmọ ìyá. Bí ọmọ ìyá! Lókè ilé náà, pátákó kún ara ògiri, ti agbẹjọ́rò, ti dókítà, ti àwọn tó ń ta ilẹ̀. Ìyá Kéèkì ò ka ọ̀kankan. Kéèkì inú gíláàsì ló gba gbogbo ojú rẹ̀. Ó dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó, ó sì rí i pé áísìn ara wọn dán, ó dán bíi ti Sílíkì gan-an.

Inú rẹ̀ bàjẹ́. Kì í ṣe inú fùfù lásán o, inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀ lójú títì. Ọ̀rẹ́ jalè, ó lọ, èèyàn á ní ọ̀rẹ́ ni. Àbúrò tí èèyàn pọ̀n sẹ́yìn ńkọ́?

Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, oníbàárà kan tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wọn pè é. Ó kí i, ó yìn ín, ó wá ní, "Àmọ́, Ìyá Kéèkì, áísìn ti ọ̀tẹ̀ yìí ti dùn jù. Kò jọ ti Màmá yín mọ́."

Kò jọ ti Màmá mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni Ìyá Kéèkì gbé sùn, òun náà ló gbé jí. Ó wá rò ó, ó rò ó, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n. Báàgì kékeré Ọjọ́bọ̀! Áísìn Màmá ni Sílíkì ń gbé lọ fún oní-gíláàsì, áísìn oní-gíláàsì ló sì ń gbé bọ̀ láti fi bo kéèkì tiwọn. Ìdí rẹ̀ tó fi ń ti ilẹ̀kùn nìyẹn. Ìfura loògùn àgbà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oògùn tí àgbà bá mu ní àmujù, ẹ béèrè lọ́wọ́ inú rẹ̀.

Ó pinnu. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ní àdúgbò ti ní kí wọ́n ṣe kéèkì fún òun, kéèkì ọjọ́ ìbí ìyá rẹ̀: funfun láti òkè dé ilẹ̀, kò gbọdọ̀ ní òdòdó, kò gbọdọ̀ ní àmì, kó kàn dán. Kéèkì yìí ni Ìyá Kéèkì máa fi mú olè. Tó bá ti mú un, kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀. Ó tilẹ̀ ti yọ báàgì ńlá kan síta láti abẹ́ ibùsùn, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá. Sílíkì ló máa fi kó ẹrù rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Sílíkì po áísìn. Ó fi aṣọ bo abọ́, ó ní kó sinmi díẹ̀, ó lọ wẹ̀. Bí Ìyá Kéèkì ṣe gbọ́ tí omi ń dà ní balùwẹ̀, ó yọ́ wọ ilé ìdáná. Ó mú ìgò àwọ̀ búlùú tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì àwọn ọmọdé, ó fi ṣíbí ya áísìn sọ́tùn-ún sósì, ó kán an sí àárín, ó rò ó díẹ̀, ó sì fi funfun bò ó mọ́lẹ̀. Búlùú náà ò pọ̀, ó rí bí omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ aró.

Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé, bí Sílíkì bá lo áísìn inú abọ́ yìí, ojú ẹsẹ̀ tó bá bù ú ló máa kígbe pé ta ló ba áísìn òun jẹ́. Ìyẹn á fi hàn pé kò lẹ́bi, Ìyá Kéèkì á sì tọrọ gáfárà, á ní àṣìṣe ni, áísìn mìíràn ò ní pẹ́ẹ́ pò. Ṣùgbọ́n bí kò bá kígbe, tí kéèkì sì jáde ní funfun, a jẹ́ pé áísìn mìíràn ló wà níbẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ó da ọ̀rọ̀ náà rò láti iwájú, ó dà á rò láti ẹ̀yìn, kò rí ọ̀nà kẹta níbẹ̀.

Sílíkì wọ ilé ìdáná. Kọ́kọ́rọ́ dún.

Ìyá Kéèkì gbé àga ti ara ilẹ̀kùn, ó fi etí lé e. Ó gbọ́ tí àwo bẹ̀rẹ̀ sí í han fín-ín-fín-ín. Ìpàra àkọ́kọ́ nìyẹn, èyí tó fẹ́lẹ́, tó máa ń mú èérún kéèkì mọ́lẹ̀. Kò sí igbe. Ó gbọ́ tí fíríìjì ṣí tó sì padé. Kéèkì wọ inú òtútù kí ìpàra náà lè gan. Nísàlẹ̀, ẹ̀rọ télọ̀ ń sáré, ó ń dúró. Fíríìjì tún ṣí. Ìpàra kejì, èyí tó nípọn. Àwo ń yí, ọ̀bẹ ń wọ inú omi gbígbóná, ó ń kan etí ife, aṣọ ń nù ún gbẹ. Kò sí igbe. Ó wá gbọ́ bébà, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, pẹ̀lú ohun kan bí ìgbà tí èèyàn ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ọmọ lẹ́yìn kó lè sùn.

Ó dáa, Ìyá Kéèkì sọ nínú ara rẹ̀. Ọwọ́ ti tẹ̀ ọ́ lónìí. Ó to ọ̀rọ̀ sẹ́nu: màá ní báyìí, á ní báyìí, màá ní báàgì rẹ rèé.

Ilẹ̀kùn ṣí.

"Àǹtí mi, ẹ wá wò ó!" Sílíkì ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. "Ẹ sọ fún mi, ṣé ó funfun àbí kò funfun? Báláú!"

Kéèkì náà wà lórí tábìlì. Ó dán bíi dígí. Kò sí ihò, kò sí ìwú, igun òkè rẹ̀ mú bí etí ìwé tuntun. Láti òkè rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́, tó yí i ká, búlùú fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, ó fà gbọọrọ, wọ́n sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ pẹ̀lú sùúrù bí ẹni pé ohun tí oníbàárà ní kí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Kéèkì tò sẹ́nu tú ká. Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí i lọ́kàn ni pé ó ti mọ̀, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wo ojú rẹ̀ láti rí yẹ̀yẹ́ náà. Ojú Sílíkì ò sí lára kéèkì. Kò sì sí lára òun náà. Ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, níbi tí èémí òun ti ń wá, ó sì ń dúró de ìyìn.



Kí Ìyá Kéèkì tó lè la ẹnu, wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn òde. Nọ́ọ̀sì ni, inú rẹ̀ dùn, ó ti ṣí páálí tó máa gbé kéèkì sí dání. Ó wọlé, ó kí wọn, ó rí kéèkì.

"Háà, ó mà dán o. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kí ni ti búlùú yìí? Funfun la jọ sọ."

Ẹ̀rín ò tíì kúrò lójú Sílíkì. "Búlùú wo?"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ kéèkì, ó súnmọ́ ọn, ó súnmọ́ ọn, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. "Bóyá... bóyá iná ilé yìí ló..." ó ní, kò sì mọ ibi tó máa bá ọ̀rọ̀ náà lọ.

"Èmi ni," Ìyá Kéèkì ké. "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Èmi ni mo kán búlùú sínú áísìn yẹn, òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ẹ padà wá ní ìrọ̀lẹ́. Funfun lẹ máa bá."

Nọ́ọ̀sì wo èkíní, ó wo èkejì, ó pa páálí rẹ̀ dé. Nígbà tí Ìyá Kéèkì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo rí irú ojú yẹn lójoojúmọ́. Wọ́n lè ṣe é, ẹ ṣá má jẹ́ kó pẹ́."

Sílíkì ti jókòó nígbà tó padà dé. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan.

"Ẹ kán búlùú sí i," ó ní. "Ẹ fi dán mi wò."

"Mo rò pé ò ń gbé áísìn Màmá fún oní-gíláàsì ni."

"Èmi?"

"Mo tẹ̀ lé ọ lọ. Mo rí bó ṣe di ọ́ mú lápá."

Sílíkì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì dé ibì kankan. "Mo ṣubú lẹ́nu ọ̀nà wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni. Ilẹ̀ wọn ń dán, mi ò rí ibi tó ti gbé sókè. Látìgbà náà ló ti máa ń mú mi dé ìdí àtẹ̀gùn. Dókítà ojú wà lókè, Àǹtí mi. Ibẹ̀ ni mò ń lọ."

Gbogbo rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó kọ́kọ́ rí bí èéfín ni, lójú òsì. Èéfín náà wá wọ ọ̀tún. Lẹ́tà inú fóònù kọ́kọ́ lọ, ló ṣe ní kí wọ́n máa fi ohùn ránṣẹ́. Nọ́ńbà ara ìwọ̀n tẹ̀ lé e, ló bá ń fi ife wọn ṣúgà, ife ò sì rí bákan náà láràárọ̀. Nígbà tí kò rí ara kéèkì dáadáa mọ́, ó kọ́ bó ṣe máa fi ọwọ́ rí i: áísìn á gan díẹ̀ nínú fíríìjì, á tẹ́ bébà lé e, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ pa á jẹ́jẹ́ lórí bébà náà, ibi tó bá ga, ọwọ́ á sọ fún un, ibi tó bá tẹ̀, ọwọ́ á sọ. Kéèkì kan, bébà mélòó. Ó ń ti ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i pé ó ń pajú dé ṣe é.

"Dókítà ní àwọn lè ṣiṣẹ́ abẹ fún mi," Sílíkì ní. "Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ ọ́. Ó ní kí n mú ẹnì kan wá, ẹni tó máa dúró tì mí tí wọ́n bá di ojú mi. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń bi mí pé, ẹni náà dà?"

"Ta lo tún fẹ́ mú lọ? Ta lo ní, lẹ́yìn èmi?"

Ẹ̀rọ télọ̀ sáré nísàlẹ̀, ó dúró.

"Àǹtí mi, mo rántí Màmá."

Ọdún tí ojú ìyá wọn lọ, Ìyá Kéèkì ló tọ́jú rẹ̀. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń mú un lọ ṣe ohun tó bá fẹ́ ṣe, òun ló ń fún un lóúnjẹ. Gbogbo ayé ló yìn ín.

"Ẹ tọ́jú ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sẹ́ ẹ," Sílíkì ní. "Ẹ ò jágbe mọ́ ọn lọ́jọ́ kan. Àmọ́ tó bá ti pè yín, ẹ máa ń mí kanlẹ̀ kẹ́ ẹ tó dìde. Bóyá ẹ ò mọ̀. Màmá máa ń gbọ́ ọ. Ó sọ fún mi pé tí òǹgbẹ bá ń gbẹ òun, òun máa ń dúró di ìgbà tí mo bá dé, kí òun má bàa gbọ́ ìmí yẹn. Ojú ti lọ, Àǹtí mi, etí ló kù. Mi ò fẹ́ máa gbọ́ ọ."

Ìyá Kéèkì fẹ́ jiyàn. Ó wá rántí. Ó rántí bí èémí náà ṣe máa ń jáde fúnra rẹ̀, gígùn, láti ìsàlẹ̀ ikùn, bó bá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ láti yàrá kejì. Ó rántí pé ìyá wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bèèrè omi, àti pé òun máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé, Màmá ò ní wàhálà rárá. Ó bú sẹ́kún, ó sunkún bí ọmọdé, imú, ẹnu, gbogbo rẹ̀. Sílíkì na ọwọ́, ó wá a kiri díẹ̀ kó tó rí èjìká rẹ̀.

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Kéèkì Nọ́ọ̀sì ṣì wà lórí tábìlì, ìrọ̀lẹ́ sì ń bọ̀. Ìyá Kéèkì nu imú, ó fọ ojú, ó fọ ọwọ́ dé ìgúnpá. Ó fi ọ̀bẹ họ búlùú kúrò títí ara kéèkì fi hàn. Ó ka ìwọ̀n, Sílíkì po áísìn, wọ́n tọ́ ọ wò, ó jẹ́ ti Màmá. Ẹ̀gbọ́n pa á lára kéèkì, gbágungbàgun bí ìṣe rẹ̀. Lẹ́yìn tó gan, àbúrò tẹ́ bébà lé e.

"Ibí yìí ga," Sílíkì ní.

"Kò ga. Mò ń wò ó."

"Ẹ pajú dé, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ wò ó."

Ó pajú dé. Sílíkì gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀, ó tì í síwájú jẹ́jẹ́ lórí bébà. Ó ga, lóòótọ́. Ó ga díẹ̀ báyìí. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu, eruku kan ò sì wọlé.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì dé, ó gbé kéèkì rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó lọ.

Ọjọ́bọ̀ pé. Báàgì ńlá tí Ìyá Kéèkì gbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá kún fún aṣọ àwọn méjèèjì, nítorí dókítà ní ibẹ̀ ni wọ́n máa sùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Sílíkì ò béèrè bí báàgì náà ṣe dé ibẹ̀, Ìyá Kéèkì ò sì sọ. Télọ̀ yọ orí jáde, wọ́n kí i, wọn ò dúró.

Oní-gíláàsì jáde wá bí ó ṣe máa ń ṣe, ó na ọwọ́. Ìyá Kéèkì kí i, kò lè wo ojú rẹ̀ tààrà. "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni," ó ní. "Mo ti dé. Màá mú un."

Àtẹ̀gùn ilé náà ga, ó ń yí, ó tún ń yí. Báàgì wà lọ́wọ́ òsì Ìyá Kéèkì, apá àbúrò rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ti ń yà lẹ́ẹ̀kejì, àyà rẹ̀ ti ń lù kìkì, orúnkún rẹ̀ ń dún, òógùn ń bọ́ sí i lójú. Ó fi ètè mọ́ ètè. Ó fi imú fa èémí díẹ̀díẹ̀, ó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó má bàa dún. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó gun òmíràn, ó gun òmíràn sí i, ayé bẹ̀rẹ̀ sí í yí i lójú.

Sílíkì dúró. Ó fún ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ra.

"Ẹ mí, Àǹtí mi," ó ní. "Ẹ mí jàre. Mo mọ̀ pé àtẹ̀gùn ni."